Bàbá tó ń jó rọ́bà ní Mọ́kọ́lá tún ẹ̀rọ slot ilé wa ṣe, mo fún wọn ní 4 nínú 5

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, tẹ́ ẹ bá ní nǹkan rọ́bà tó kán, mi ò sọ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga o, ti inú ẹ̀rọ ni mò ń sọ, ibi tí súkúrúù ń wọ̀, ibi tí nǹkan ń há sí, mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni ní Mọ́kọ́lá, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sángo, kò ní sáínbọ́ọ̀dù, bọ́ńpà mọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ síta lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Bọ́ńpà gan-an niṣẹ́ bàbá náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ gbọ́kàn lé wọn.

Nǹkan tí mo gbé lọ ò wọ́pọ̀ níbí. Ẹ̀rọ slot ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pachislo, Japan ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ wọn ló ń lò ó, tó bá ti lò díẹ̀ níbẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ kúrò wọ́n á gbé tuntun síbẹ̀, àwọn oníṣòwò á wá kó èyí tí wọ́n yọ lọ tà sí Amẹ́ríkà fáwọn tó fẹ́ gbé e sí pálọ̀. Ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi ti rà á tó fi jù ú sínú kọ̀ńténà pẹ̀lú ẹrù tòkunbọ̀ tó kù. A ò fi ta tẹ́tẹ́ o, kẹ́nì kankan má lọ máa pè mí ní Bàbá Ìjẹ̀bú, tókìn irin ló ń gbà, èyí tó fẹ̀ ní 25mm, ẹ ó ju mẹ́ta sí i, ẹ ó ti lífà kékeré kan, wíìlì mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà níwájú láti dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló fi dùn ju àwọn ti ojú títì lọ. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò ò ní jẹ́ ká simi.

Àmọ́ wọ́n dá a dùbúlẹ̀ nínú kọ̀ńténà ni, wọ́n sì gbé nǹkan lé e. Nígbà tá a ṣí i, ike tó di àpótí wíìlì mú ti kán, ibi méjì tí súkúrúù ilẹ̀kùn ń wọ̀ ti là, gíláàsì rọ́bà iwájú ti sán láti igun, gíà kékeré kan nínú hópà, ìyẹn ibi tó ń ka tókìn tó ń tú u jáde téèyàn bá jẹ, eyín ẹ̀ ti yọ. Bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀ ń tàn dáadáa o, orin ẹ̀ ń kọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Bó ṣe rí i báyìí ló ti ń po gọ́ọ̀mù 4 minutes, kò fọ̀ ọ́, kò fi sánpépà ha á, ó kàn ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Ó wá fi súpà gulu sí gíláàsì iwájú, èéfín gulu yẹn mú gbogbo ẹ̀ hu funfun, àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ ò hàn dáadáa mọ́. Nígbà tá a sì dè ilẹ̀kùn, àtẹ̀mọ́ kan péré, 4 minutes ṣí kúrò lódidi, ẹ máa rí ojú rọ́bà tó ń dán lábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́, pé kò tiẹ̀ mú un rárá. N8,000 ló gbà. Ó ká mi lára.

Bàbá Mọ́kọ́lá ní tiwọn, wọn ò sọ iye owó, wọn ò mú gọ́ọ̀mù. Wọ́n gbé ike tó kán yẹn, wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ mú tọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lẹ́yìn ẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń wá Bàbá, wọ́n ní "orúkọ ẹ̀," ìyẹn orúkọ irú rọ́bà tó jẹ́. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, tó kéré tí ojú mi fẹ́ẹ̀ má lè kà á, >ABS<, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára rọ́bà nìyẹn, láàárín àmì méjì tó kọjú síra. Wọ́n wá fi òwú díẹ̀ tọ́ omi kan tó ń jẹ́ acetone, wọ́n fi kàn án ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní èyí gbọ́ràn, acetone máa ń yọ́ ọ ni, tó bá wá gbẹ ó ti di ẹyọ kan padà, kì í ṣe lílẹ̀ mọ́ra lásán.

Nǹkan tí wọ́n fi tún un ṣe, àfọ́kù kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, ABS lòun náà. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú ìgò jáàmù, wọ́n da acetone lé e, wọ́n dé e pa, ó di ọjọ́ kejì kó tó yọ́ tán, ó ti ki bí ògì. Acetone yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣe èékánná ni wọ́n ti ń rà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká ṣọ́ra, kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì ni acetone wà nínú ẹ̀. Ó sì ń gbaná gan-an, ìyá tó ń dín àkàrà nítòsí, wọ́n ní kó sún àdògán ẹ̀ síwájú kí wọ́n tó ṣí ìgò, màmá yẹn jà díẹ̀ àmọ́ ó sún un.

Ibi súkúrúù tó là ló wú mi lórí jù. Wọ́n mú wáyà kọ́pà tín-ín-rín, wọ́n we e mọ́ ara rọ́bà yẹn yípo kó le so ó pọ̀, wọ́n wá fi áyọ́ọ̀nù ìsọ́dà tẹ wáyà náà wọnú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò jẹ́ kó gbóná jù, tí rọ́bà bá ti ń pọ́n tó ń rú èéfín ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní lágbára mọ́. Ìta ni wọ́n ti ń ṣe é nítorí òórùn ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n da ògì kíbọ́ọ̀dù yẹn bò ó, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n wá fi dríìlì ọwọ́ lu ihò tuntun tó kéré ju súkúrúù lọ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn yí súkúrúù wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn pa á dé àìmọye ìgbà látìgbà náà, kò mì.

Gíláàsì iwájú ńkọ́? >PC< ló wà lára tiẹ̀, irú rọ́bà mìíràn nìyẹn, wọ́n ní acetone ò gbọdọ̀ kàn án torí ṣe ló máa sán kélekèle káàkiri. Wọ́n lu ihò bíńtín sí ẹnu ibi tí sísán náà parí sí kó má bàa sáré lọ síwájú mọ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù epoxy tí kò ní àwọ̀ dí i látinú. Ẹ ṣì máa rí ìlà ẹ̀ o. Funfun tí súpà gulu ẹni ìjọsí fi síbẹ̀ náà, wọ́n fi nǹkan tí wọ́n fi ń dán iná mọ́tò nù ún, ó lọ tó ìdajì.

Wàyí o, gíà. Wọ́n fọwọ́ pa á wò, ó ń yọ̀ bíi pé wọ́n fi òróró pa á, wọ́n fi acetone kàn án, kò dá a lóhùn. Wọ́n ní irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní POM ni, gọ́ọ̀mù tó wà lọ́jà kì í mú un, eyín gíà sì tún ni, gbogbo agbára mọ́tò ibẹ̀ ló wà. Mo ní Bàbá ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀, mo máa sanwó. Wọ́n ní "Ọmọ mi, tí mo bá gbowó ẹ lórí èyí, mo jalè ni." Wọ́n ní kí n wá àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ rọ́bà jáde, ìyẹn 3D printing. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PLA nìkan ló ní nílẹ̀, ìyẹn sì ń rọ̀ tí ooru bá ti tó nǹkan bí 60°C, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò sì lèyí máa wà, mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa wá odidi hópà àlòkù ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Ní báyìí ẹ̀rọ wa ń gba tókìn kì í san, bí tàwọn ojú títì gẹ́lẹ́, ẹni tó bá jẹ máa ṣílẹ̀kùn fọwọ́ bù ú ni, ìjà sì ti ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó bù jù.

Ẹ̀hónú mi: wọ́n ń pẹ́. Tí onímọ́tò bá gbé bọ́ńpà wá, iṣẹ́ yín á dúró, wọn ò sì ní bẹ̀ yín lórí ẹ̀. Tí iná bá lọ, áyọ́ọ̀nù lọ nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ wọn ò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọ̀ ò sì bára mu, ike wa dúdú, ibi tí wọ́n tún ṣe rí bí eérú, inú ló wà ni mi ò fi bínú, ká ní ojú ìta ni mi ò ní gbà. Ìdí tí máàkì kan fi lọ nìyẹn.

N15,000 ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, mo dúnàádúrà díẹ̀, wọn ò já nǹkan kan sílẹ̀.

Ohun kan tí wọ́n tún ṣe tí mo fẹ́ràn, wọn ò jẹ́ ká ki ẹ̀rọ náà bọ ináa wọn láti dán an wò àfìgbà tí wọ́n rí transfọ́mà. 100V ni iná Japan, 230V ni tiwa, tẹ́ ẹ bá ki ẹ̀rọ náà bọ ináa wa tààrà, ẹ má pe oníṣẹ́ rọ́bà mọ́, ẹ pe ẹni tó ń ra àlòkù irin.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo àfọ́kù dání títí dórí èyí tó kéré jù, wọ́n máa béèrè ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya bí wáyà inú ẹ̀ ṣe wà kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ má fi súpà gulu kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ nílé, owó fífọ gulu kúrò lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbà á. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Fráídè náà, tó bá ti di aago méjìlá, wọ́n ti lọ Jímọ̀ọ́, ó di nǹkan bí aago mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún bá wọn.