Iná ọ́ìlì tó kọ̀ tí kò kú nínú Hiace mi, àti rewáyà Mọ́lété tó bá mi wá ìdí rẹ̀

Alásè òde ni mí. Hiace ọdún 1998 ni mo fi ń kó kúlà ìrẹsì, ìkòkò àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ sóde àríyá. Ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá, Ìdí-Ayùnrẹ́ là ń lọ. A ò tíì kọjá Oríta Challenge n'Ìbàdàn dáadáa tí iná pupa ọ́ìlì fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, torí bí ọ́ìlì ò bá lọ káàkiri, irin á máa ha irin, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Mo fa gééjì yọ, ọ́ìlì kún dé ojú àmì. Ọkọ̀ tí mo háyà láti gbé oúnjẹ onínáwó débẹ̀ gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní pọ́ǹpù ọ́ìlì ti lọ, kí n wá ₦380,000. Kò fi irinṣẹ́ kankan kàn án. Dírẹ́bà àdúgbò wa ní súwíìṣì ọ́ìlì ni, mo bá lọ ra tuntun ní ọjà Ararọ̀mí ní Géètì, ₦6,500. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló wá júwe rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, fún mi ní Mọ́lété.

Mo na súwíìṣì sí i, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pààrọ̀ eléyìí." Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bi iná yẹn léèrè ná."

Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sítáàtì. Ó ní bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé ibẹ̀, gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn, kí wọ́n sì kú tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Ti ọ́ìlì tàn, ti búréèkì ọwọ́ tàn. Ti bátìrì ò tàn rárá. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì irú Hiace yìí wà. Ó gbé ìjókòó sókè, ó fi igi tì í, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Súwíìṣì náà ò ju àtàǹpàkò lọ, wáyà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Bí ọ́ìlì ò bá ní prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í, súwíìṣì á so wáyà yẹn mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, iná á tàn. Bí ọ́ìlì bá ti tì í, á já a, iná á kú. Ó fa wáyà náà yọ kúrò lórí súwíìṣì, ó ní kí n wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ṣì pọ́n rokoṣo. "Ẹ rí i, Màmá? Súwíìṣì ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ó wá ń fọwọ́ tọ wáyà náà lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti ká irin kan kọjá, nítòsí èkísọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ti yọ́. Okùn bàbà inú rẹ̀ hàn, kò gùn ju èékánná lọ, ó ń dán níbi tó ti ń fara ha irin. Ó fi sukurudíráfà gbé e sókè, iná kú. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, iná tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é kí n lè rí i dáadáa. Àyà mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ibi tí mo ti gbà fún un nìyí: kò dúró síbẹ̀. Ó ní wáyà ti dá wa lóhùn, ọ́ìlì ò tíì sọ tiẹ̀. Ó tú súwíìṣì, ó de gééjì prẹ́ṣọ̀ síbẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ní jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ kọjá 20. Nígbà tó tẹná, ó kọjá 50. Pọ́ǹpù tí wọ́n fẹ́ gba ₦380,000 lé lórí ò ṣe nǹkan kan. Ó gé ibi tó jó, ó so wáyà tuntun, ó fi róbà tí kì í tètè yọ́ bò ó, ó sì gbé e gba ibòmíì, kó jìnnà sí èkísọ́ọ̀sì.

Ó wá padà sórí iná bátìrì. Nígbà tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò gílóòbù ṣófo. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo sanwó fún ẹnìkan pé kó tún iná yẹn ṣe torí kì í kú. Ńṣe lẹni yẹn yọ gílóòbù, ó ní iṣẹ́ ti tán. Lọ́dún tó kọjá, bátìrì kú mọ́ mi lọ́nà Ọ̀yọ́ lóru, kò sí iná kankan tó kìlọ̀. Ẹni tó di akéde lẹ́nu ò tún nǹkan kan ṣe, inú ṣì ń bí mi sí i títí di òní.

₦12,000 ni iṣẹ́ ọwọ́, ₦3,000 ni wáyà àti gílóòbù. Àléébù rẹ̀: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago méjì ti lù kó tó kàn mí, kò sì sí àga tí èèyàn lè jókòó sí lábẹ́ òjìji. Ó tún gbàgbé nọ́ọ̀tì kan tí kò dá padà sí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó fi ń dún kẹ́kẹ́ bí mo bá bọ́ sí kòtò ní Òkè-Àdó. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa padà sí.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Láràárọ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó sítáàtì, kí n rí i pé iná ọ́ìlì àti ti bátìrì tàn, kí wọ́n sì jọ kú. Ọlọ́jà Ararọ̀mí kọ̀ láti gba súwíìṣì tuntun yẹn padà, inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà lábẹ́ ìjókòó mi.