Ààfin Beijing: ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má sì wọ bàtà gogoro

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Beijing. Ẹ̀rọ ìránṣọ la lọ ná, ìpàdé ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n sún ti ọjọ́ Ajé síwájú, mo ní kí n sáré lọ wo ààfin àwọn ọba àtijọ́. Mo wọ takisí débẹ̀, ilẹ̀kùn tì gbọin. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í, àfi tó bá bọ́ sí ọlidé. Ẹni tó ń ṣètò ìrìn wa mọ̀, kò sì sọ. Inú bí mi títí mo fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà lọ, bàtà ìpàdé sì ni mo wọ. Ẹ fọkàn sí bàtà yẹn.

Ẹ ò lè dédé dé géètì kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà páṣípọ́ọ̀tù, ẹ ó sì mú páṣípọ́ọ̀tù náà dání. 60 yuan, owó China, ni láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, 40 yuan nígbà òtútù. Owó yẹn kò tó nǹkan rárá.

Èyí kì í ṣe ilé, ìlú ni. Hẹ́kítà 72, yàrà omi yí i ká. Ọba Yongle ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1406, wọ́n parí rẹ̀ ní 1420, ọba 24 ló jẹ níbẹ̀ títí dórí Puyi tó gbé adé sílẹ̀ ní 1912. Kò pé ọdún kan tí wọ́n parí rẹ̀ tí iná fi jó gbọ̀ngàn mẹ́ta tó tóbi jù. Ilé ọba tó jó, wọ́n tún un kọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù iná ò kúrò lára wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò idẹ ràgàjì fi wà káàkiri àgbàlá, omi ni wọ́n ń pọn sí i. Bí òtútù bá dé, àwọn ìwẹ̀fà á dáná sábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà dì. Wúrà ni wọ́n fi bo àwọn kan. Mo sún mọ́ ọ̀kan, wọ́n ti ha ara rẹ̀ yánnayànna, bí ìgbà tí ọmọdé fi ṣíbí ha èépá ìdí ìkòkò. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun òkèèrè tó wọ̀lú ní 1900 ló ha wúrà náà lọ.

Ìtẹ́ ọba gan-an já mi kulẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé, ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti ń yọjú, fóònù àwọn tó wà níwájú mi ni mo rí ju ìtẹ́ lọ. Igi kankan kò sí ní àgbàlá iwájú, oòrùn sì mú.

Òkúta kan ló mú mi dúró, lẹ́yìn gbọ̀ngàn kẹta. Odindi ni, ó gùn ju mítà 16 lọ, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 200 lọ, dírágónì ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Kí wọ́n tó lè gbé e débẹ̀, wọ́n dúró di ìgbà òtútù, wọ́n da omi sójú ọ̀nà, ó di yìnyín, wọ́n wá ń wọ́ ọ lórí rẹ̀. Èmi tí mo ń ronú bí a ó ṣe kó ẹ̀rọ ìránṣọ dé èbúté!

Ẹ fi 10 yuan kún un fún yàrá àwọn aago. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àríwá jáde, ẹ sọdá sí òkè Jingshan. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wú nínú yàrà ni wọ́n fi mọ ọ́n, 2 yuan péré. Gbogbo òrùlé aláwọ̀ ìyeyè yẹn ló tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ mi. Ọ̀gá mi pè, ó ní níbo ni mo wà. Bàtà wà lọ́wọ́ mi, mo ní mò ń bọ̀.