Àpótí ẹ̀kọ́ plásímà fún dídarí afẹ́fẹ́ lára apá bàálù: bí ó ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn

Àpótí ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà fún olùkọ́ físíìsì tó bá fẹ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé iná mànàmáná lè darí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí apá bàálù, láìsí ohunkóhun tó ń yí tàbí tó ń mì lára apá náà. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Bódìjà rà á fún àwọn ọmọ SS2. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kékeré tó bá a wá ṣe àsọdùn níbì kan.

Apá bàálù kékeré tí wọ́n fi ike ṣe ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú téèpù bàbà, téèpù Kapton tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, bátìrì, àti ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná alágbára tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Téèpù bàbà kan wà ní gbangba, èkejì fara pamọ́ sábẹ́ Kapton, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ sí ti òkè. Nígbà tí iná bá dé ẹgbẹ̀rún fóltì mélòó kan, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò máa já kúrò lára afẹ́fẹ́ tó wà létí téèpù òkè, ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò yóò sì hàn bí a bá pa iná yàrá. Afẹ́fẹ́ tí iná ti wọ̀ lára, tó ń tàn báyìí, ni wọ́n ń pè ní plásímà. Àwọn ègé afẹ́fẹ́ tí iná ti wọ̀ lára yìí ni agbára iná ń wọ́, tí wọ́n ń kọlu afẹ́fẹ́ yòókù, tí wọ́n sì ń tì í lọ sẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń tibẹ̀ jáde kì í sábà rìn tó mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ara apá gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn ti máa ń rẹ̀, ni ó ti ń fẹ́.

A gbé fáànù síwájú, a jẹ́ kí èéfín tùràrí máa bá afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, a sì gbé imú apá náà sókè títí èéfín fi ṣí kúrò lórí rẹ̀, tó wá ń rú gbùlà-gbùlà lẹ́yìn. Lára bàálù gidi, irú ìṣíkúrò bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gba agbára ìgbéró, ìyẹn agbára tó ń gbé bàálù dúró lófuurufú, lọ́wọ́ apá. Bí a ti tan ẹ̀rọ náà, èéfín padà lẹ̀ mọ́ apá. Bí a ti pa á, ó tún ṣí. Àwọn ọmọ kò fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́.

Ìwé náà sọ pé ẹ̀rọ yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn abala tó ń gbéra tó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn apá bàálù ńlá. N kò fara mọ́ ọn. Láti ìgbà tí J. Reece Roth, onímọ̀ nípa plásímà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní 1998, ìyára kékeré ni agbára rẹ̀ ti hàn jù. Bàálù tó ń gbéra ní pápákọ̀ Alákìá ń sáré ju mítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára dírónù kékeré ni irú atẹ́gùn yìí ti wúlò jù. Àwọn mìíràn ń fi iná tó ń ṣẹ́jú kíákíá mú afẹ́fẹ́ gbóná lójijì fún ìyára tó ga, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú àpótí yìí.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ní àkókò òjò, ìmọ́lẹ̀ náà ń já ní abala-abala, èéfín kò sì padà dáadáa. Nígbà ọyẹ́, ó ń ṣe déédéé. Plásímà náà tún ń jẹ Kapton díẹ̀díẹ̀, títí iná yóò fi lu ú. Ìdí rèé tó fi dùn mí pé wọn kò fi Kapton àfikún sí i, wọn kò sì bo ibi tí okùn iná ti so mọ́ bàbà. Fóltì tó wà níbẹ̀ lè pa ènìyàn. A fi ike bò ó fúnra wa, a sì ń ṣí fèrèsé nítorí òórùn ósóònù, gáàsì tí iná náà ń mú jáde látinú afẹ́fẹ́.

Mo gba olùkọ́ tó bá lè dúró ti ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà ní títàn nímọ̀ràn pé kí ó rà á, ṣùgbọ́n kí ó gba Kapton àfikún lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ó tó sanwó.