Àpótí léésà tàbí ẹ̀rọ onítéèpù: èwo ni kí ẹ fi wọn eruku inú afẹ́fẹ́ ìlú?

Àpótí léésà jẹ́ àpótí kékeré tó ń fi iná léésà ka eruku; ẹ̀rọ onítéèpù ń kó eruku sórí téèpù kó lè wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi òǹkà eruku náà ṣe. Bó bá jẹ́ àdúgbò tí èéfín ti ń pọ̀ jù àti wákàtí tó máa ń pọ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, àpótí léésà ti tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi mú ilé iṣẹ́ kan tó rú òfin, ẹ̀rọ onítéèpù ló wà lára irú èyí tí ìjọba ń tẹ́wọ́ gbà.

Eruku kan náà làwọn méjèèjì ń wá: PM2.5, èyí tí kò fẹ̀ ju máíkírómítà 2.5 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan). Láti 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kó má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà kan, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún kan. 15 ni ti ọjọ́ kan.

Ẹ̀rọ onítéèpù ń fa afẹ́fẹ́ lítà 16.7 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń kó eruku rẹ̀ sórí téèpù, ó sì ń ta ìtànṣán bẹ́tà gba inú rẹ̀ kọjá. Bí eruku bá ṣe nípọn tó ni ìtànṣán ṣe ń dín kù. Ìwúwo gan-an ló ń wọ̀n, àmọ́ òǹkà kan péré ló sábà ń mú wá ní wákàtí kan. Àpótí léésà kì í wọn ìwúwo rárá. Fáànù rẹ̀ ń fẹ́ eruku kọjá níwájú iná léésà, ó ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ta padà, ó wá fojú bu ìyókù.

Ibi ìfojúbù yẹn ni wàhálà wà. Láàárọ̀ tí kùrukùru bá bo ìlú, eruku á mu omi, á wú, àpótí á sì máa ka ohun tó lè tó ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ onítéèpù ní híítà tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ lẹ́nu ihò tó ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á: ṣé àpótí yìí ń wọn ọ̀rinrin, ṣé ó sì ń fi òǹkà tí wọn ò tíì tún ṣe hàn? Bó bá fi òǹkà yẹn pa mọ́, ẹ má rà á. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní ìlú mìíràn kò ní bá tiyín mu, torí èéfín igi àti èéfín ọkọ̀ kì í ta ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ onítéèpù fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹ tún ṣe é nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí.

Eruku ojú títì tí wọn ò dà lọ́dà, tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tóbi ju ohun tí àpótí yìí ń rí dáadáa lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òǹkà PM10 (eruku tí kò fẹ̀ ju máíkírómítà 10 lọ) tó bá kọ.

Àpótí tó ní sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀yà tó ń ka eruku) méjì nínú ni mo fara mọ́. Bí òǹkà wọn bá yapa, eruku ti dí ọ̀kan, tàbí aláǹtakùn ti ta sẹ́nu ihò rẹ̀. Bí òǹkà bá dúró sójú kan fún wákàtí mélòó kan, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní ti iná, sẹ́ńsọ̀ kan tó ń lo fóltì 5 àti mílíámpíà 100 á jẹ wáàtì-wákàtí 12 lóòjọ́, láìka ohun tó ń fi dátà ránṣẹ́. Sólà kékeré lè gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa sùn kí bátìrì lè pẹ́, ẹ jẹ́ kó jí ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó ka nǹkan. Ẹ̀rọ onítéèpù nílò iná tí kì í lọ, yàrá tó ní amúlétutù, téèpù tuntun ní nǹkan bí oṣù méjì síra, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìfàsímú afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gbé e sí gíga mítà 1.5 sí 4, jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀ àti ihò èéfín ilé ìdáná.

Bí ìlú yín bá ti ní ẹ̀rọ onítéèpù kan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kó gbogbo owó sórí àpótí léésà. Bí kò bá ní, ọ̀kan pẹ̀lú àpótí díẹ̀ sàn ju àpótí rẹpẹtẹ tí kò sí ohun tí ẹ máa fi wọ́n wé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá àpótí náà lè fi dátà ránṣẹ́ sí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) tiyín, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á nìkan. Lọ́jọ́ tó bá kógbá wọlé, àpótí á ṣì máa tàn, òǹkà ò sì ní dé ọ̀dọ̀ yín mọ́.