Àgbéyẹ̀wò TestPrime: Bí Mo Ṣe Ń Fi Í Yan Primer fún Omi Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni à ń bù wá sí yàrá àyẹ̀wò wa, bakitéríà inú rẹ̀ ni a sì ń fẹ́ mọ̀. Kí a tó lè fi PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀lọpọ̀, sọ jíìnì 16S wọn (èyí tí a fi ń dá wọn mọ̀) di púpọ̀, a ní láti yan primer méjì, ègé DNA kúkúrú tó ń so mọ́ jíìnì kí ẹ̀dà lè bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn. Ẹ̀dá tí primer kò bá bá jíìnì rẹ̀ mu kò ní í jáde, yóò sì dà bí ẹni pé kò sí nínú omi rárá. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo TestPrime, ohun èlò ọ̀fẹ́ tó wà lórí ojúewé SILVA, àkójọ irú jíìnì bí 16S ti ilẹ̀ Jámánì, kí owó tó jáde lápò.

Ìlò rẹ̀ kò ṣòro: a ó tẹ primer méjèèjì, a ó yan àkójọ jíìnì tí a fẹ́ fi wọ́n wé, a ó sì sọ iye lẹ́tà tí a gbà kó yàtọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé a lè pàṣẹ pé kí ìyàtọ̀ kankan má ṣe sí ní ìparí primer, ní apá 3′, torí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DNA tuntun, àṣìbámu kan níbẹ̀ sì lè ba iṣẹ́ jẹ́ ju èyí tó wà níbòmíràn lọ. Àbájáde a máa jáde ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, ti ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdá tí primer bá mu nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí léèrè ìdí tí n kò fi kàn mú primer tí àpapọ̀ ìdá rẹ̀ ga jù. Ẹ wo 515F, primer iwájú kan: ti àtijọ́ ni GTGCCAGCMGCCGCGGTAA, ti ìsinsìnyí ni GTGYCAGCMGCCGCGGTAA. Lẹ́tà kẹrin nìkan ló yí padà, C di Y, tó fi jẹ́ pé C tàbí T lè wà níbẹ̀. Lára 806R, primer ẹ̀yìn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, H kan (A, C tàbí T) ló di N (lẹ́tà yòówù). Ṣáájú àtúnṣe yìí, 515F ń fo ọ̀pọ̀ Thaumarchaeota (ìdílé kan lára archaea, ẹ̀dá tíntìntín tí kì í ṣe bakitéríà), 806R sì ń fo àwọn SAR11, bakitéríà tó kún inú omi òkun. Omi òkun a sì máa wọ ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá dán 806R méjèèjì wò láìgba ìyàtọ̀ kankan, tí ẹ sì lọ tààrà sí ẹ̀ka SAR11, ẹ ó rí bí ìdá rẹ̀ ṣe fò sókè, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ gbogbo bakitéríà kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Nínú ẹ̀ka ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ògì ní tirẹ̀ kí ó wá Chloroplast, ẹ̀yà ara inú ewéko tó ní 16S bíi ti bakitéríà, lábẹ́ Cyanobacteria, nítorí pé primer wọ̀nyí a máa mú ti àgbàdo náà jáde. Primer 799F ni wọ́n ṣe láti yẹra fún un.

Ó ní ibi tó kù sí. Pẹ̀lú primer 27F, tó ń dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì gan-an, n kì í fọkàn tán ìdá tó bá gbé jáde, torí pé ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ inú àkójọ náà ni kò ní apá ibẹ̀ rárá, ìwọ̀nba tó kù nìkan ni ìṣirò sì dúró lé. Kì í ṣírò ìwọ̀n ooru tí primer nílò, kò sì ní í sọ bóyá primer méjèèjì yóò so mọ́ ara wọn. OligoAnalyzer ni mo ń lò fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà, mo ṣì máa ń dán wọn wò lórí àdàlù bakitéríà tí a ti mọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ń lépa, kí ó gba ọ̀dọ̀ Primer-BLAST, ohun èlò tó ń wá primer fún ẹ̀yà pàtó, lọ.