Búrókà tó bá wa rí mọ́gééjì (owó tí báńkì ń yáni ra ilé) lórí físà iṣẹ́ ní UK: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nínú inbox: mi ò ní dárúkọ búrókà yìí o, torí ìyìn wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ, ẹ̀sùn náà sì wà níbẹ̀, èmi ò wá wàhálà. Owó tí a san fún un, iṣẹ́ tó fi ṣe, ibi tó ti mú inú mi dùn àti ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí BP mi lọ sókè, gbogbo ẹ̀ ni mo máa sọ, nítorí nígbà tí àwa ń wá ilé, gbogbo ẹni tí a bá ṣáà ti bi ló ń sọ pé ẹ dúró kẹ́ ẹ gba stay ná, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé UK títí lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọsibítù kan lápá Manchester ni mo ti ń ṣiṣẹ́. September 2022 ni mo dé lórí físà Health and Care, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì tẹ̀ lé mi wá. Ètò wa ni pé tó bá di 2027, ọdún márùn-ún pé, ILR (stay yẹn náà ni) jáde, a ra ilé. Àfi bí ìjọba ṣe gbé white paper, ìwé òfin tí wọ́n ń gbèrò láti ṣe, jáde ní May 2025 tí wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọdún 5 yẹn di 10 fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi mú bírò, ó ní rẹ́ǹtì £950 lóṣù, fún ọdún márùn-ún míì, £57,000 nìyẹn, ká kó o fún láńlọ́ọ̀dù tí kò lè tún bọ́ílà ṣe. Ó ní Ìyá Tọ́lá, èmi ò lè dúró mọ́.

Ẹ gbọ́ o, kò sí òfin kankan ní UK tó sọ pé ẹni tó wà lórí físà ò gbọdọ̀ ra ilé. Tówó ẹ bá pé lọ́wọ́, lọ rà á lónìí, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ILR. Báńkì tó fẹ́ yá ọ lówó ló ní òfin tiẹ̀, òfin wọn ò sì bára mu rárá. Ọ̀kan á ní àfi kó o ti lo ọdún méjì níbí, òmíì á ní ọdún kan tó, òmíì á wo iye oṣù tó kù lórí físà ẹ, òmíì á ní kó o gbé ìdá kan nínú mẹ́rin owó ilé kalẹ̀ àfi tówó oṣù ẹ bá ga dé ibì kan, òmíì á ní 10% ti tó òun, àwọn kan wà tó ń gba 5% pàápàá. Èyí tó kan ìwọ, o ò lè mọ̀ ọ́n láti ìta.

Àwa ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà yẹn. Èmi rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ báńkì kan náà lowó oṣù mi ń wọ̀ látọjọ́ tí mo ti dé, ojú wọn á mọ̀ mí, la bá gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Ọmọ tó dá wa lóhùn níwà, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó fara balẹ̀, ó bi wá nípa owó oṣù, iye tí à ń ná lórí oúnjẹ, bóyá a ní mọ́tò, ó tó wákàtí kan àti ààbọ̀, ó sì ti tẹ hard search lórí orúkọ mi, ìyẹn ni pé ó ti yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè mi wò, kó tó wá rántí bi mí pé ṣé mo ní settled status, ìyẹn stay. Mo ní físà ni. Ojú ẹ̀ yí padà bí ẹni pé mo sọ pé mo gbé eku sínú báàgì. Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó padà dé, ó ní 25% ni tàwọn. Ilé £185,000 là ń wò, £46,250 nìyẹn. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo bàtà ẹ̀. Hard search yẹn sì ti wọ fáìlì mi, báńkì míì tí mo bá lọ á rí i.

Auntie kan ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Ghana, ló fún mi ní nọ́ńbà búrókà, ọmọ Ghana lòun náà. £495 lowó ẹ̀, £200 kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù tí báńkì bá ti fún wa ní offer. Ọkọ mi ní owó yẹn pọ̀, pé àwọn búrókà ọ̀fẹ́ wà, òótọ́ sì ni, wọ́n wà, torí báńkì fúnra ẹ̀ máa ń san commission fún búrókà tó bá mú kọ́sítọ́mà wá. Mo ti pe méjì nínú àwọn ọ̀fẹ́ yẹn. Ọ̀kan ò pè padà, ìkejì ní kí n padà wá tí mo bá ti gba ILR. Mo san £200.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí, kò béèrè owó oṣù, ó ní físà ẹ máa parí nígbà wo. Mo ní September, nígbà yẹn a ti wà ní June. Ó ní ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù báńkì kankan báyìí, ẹ lọ renew físà ná, ẹ ti wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọ́n á gbà yín láàyè. Ìyẹn nìkan, lójú tèmi, tó £495. Tí a bá fi físà tó ku oṣù mẹ́ta lọ, báńkì á tún já wa, fáìlì mi á tún bàjẹ́ sí i. A renew, físà tuntun wọlé, ó di 2028. Ẹ rántí pé BRP, káàdì físà yẹn, ti di ohun àtijọ́ láti ìparí 2024, eVisa orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀, share code, kóòdù tí wọ́n fi ń wo físà ẹ, lẹ máa fún búrókà àti lọ́yà, ẹ sì wò ó dáadáa pé orúkọ tó wà lórí eVisa bá ti payslip mu, tọkọ mi ti jẹ lẹ́tà kan, ìyẹn náà gbà wá lọ́sẹ̀ kan.

Ó tún bi mí bóyá mo ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Mo ní ìbò kẹ̀? Èmi tí mo wà lórí físà? Ó ní ọmọ Commonwealth ni ẹ́, Nàìjíríà wà níbẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ju ìwé tí council ń fi sẹ́nu ọ̀nà wa nù, mo rò pé àwọn tó ní pálí ni wọ́n ń bá wí. Orúkọ tó bá wà lórí electoral roll ni báńkì fi ń mọ̀ pé ibi tó o ní ò ń gbé lò ń gbé lóòótọ́. Mo forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ibi tó ti wá fi hàn pé òun mọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ àjọ. Dìpọ́síìtì wa, £18,500, ìyẹn 10%, àjọ ló kó £5,000 nínú ẹ̀ jọ. Àwa obìnrin mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, £500 lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, olórí àjọ ló ń pín in. Àwa mọ̀ pé owó ara ẹni ni, kò sí èlé, kò sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Ṣùgbọ́n lójú òyìnbó tó ń wo statement mi, £500 ń jáde lóṣooṣù, ó jọ gbèsè, £5,000 já bọ́ lójijì ní March láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí orúkọ ẹ̀ ò jọ tèmi, ìyẹn jọ nǹkan míì. Tí wọ́n bá kà á sí gbèsè, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù kí wọ́n tó ṣírò iye tí wọ́n lè yá ọ, owó oṣù mi nìkan ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ìṣirò, ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀, kò sáyè nínú ẹ̀ rárá. Arábìnrin kan wà nínú wa tó fẹ́ràn eré, ìgbà tó ń san £60 tó yá lọ́wọ́ mi padà, ó kọ "owo obi" sí reference ẹ̀. Lọ́yà tó ń bá wa ṣe ìwé ilé kọ email, ó fẹ́ mọ ohun tí owo obi túmọ̀ sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn ẹ̀ mo sunkún díẹ̀.

Búrókà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé jìnnà. Ó ní susu ni, bí wọ́n ṣe ń pe àjọ ní Ghana nìyẹn, pé ìyá òun ń dá a ní Kumasi. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí báńkì: bí a ṣe ń dá a, iye èèyàn, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, oṣù tó parí, oṣù tó kàn mí, pé kò sí èlé, pé yípo náà máa parí ní July, £500 yẹn ò sì ní máa jáde mọ́. Ó ní kí olórí àjọ náà fọwọ́ sí ìwé, kó sì fi ID ẹ̀ kún un. Iṣẹ́ wá dé. Mummy, olórí àjọ wa, ní ṣé ọlọ́pàá lẹ fẹ́ fà mí lé lọ́wọ́ ni, èmi tí mo ti ń gbàjọ láti 1998. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, Mummy ẹ jọ̀ọ́, Mummy ẹ ṣàánú mi. Ìgbà kẹta ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí n má tún bá wọn dájọ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ tètè kó tiyín, kó ti pẹ́ nínú akántì yín bí oṣù mẹ́fà, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn aláwàdà.

Owó láti ilé, ọkọ mi fẹ́ ta mọ́tò ẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, búrókà ní bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti tó, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ìwé tí wọ́n máa béèrè á ju owó náà lọ. Pẹ̀lú ibi tí náírà wà, òótọ́ ló sọ.

Nǹkan kan wà tí búrókà ò sọ fún wa rárá, lọ́yà ló sọ ọ́, mo sì yọ ìràwọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Ní England, tó bá jẹ́ ilé àkọ́kọ́ tó o máa ní láyé ẹ nìyẹn, o ò ní san stamp duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, lórí £300,000 àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ láyé ni mo wí o, kì í ṣe àkọ́kọ́ ní England. Ilé tó o ní ní Abẹ́òkúta wà nínú ẹ̀, èyí tó o jogún pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ náà wà nínú ẹ̀. Tílé ọ̀hún bá sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, tí ìpín ẹ nínú ẹ̀ tó £40,000, wọ́n á tún fi 5% lé e. Lórí ilé tiwa yìí, odo á di £10,450, 5% yẹn àti stamp duty gan-an pa pọ̀. Ti ọkọ tàbí ìyàwó ẹ náà kàn ọ́. Ọkọ mi wá rántí ilẹ̀ ẹ̀ ní Ìkòròdù, ó ń làágùn. Lọ́yà bi í pé kí ló wà lórí ilẹ̀ náà, ó ní gbágùúdá. Lọ́yà ní gbágùúdá kì í ṣe ilé. Bí a ṣe bọ́ nìyẹn.

Ìwà búrókà yìí tó bí mi nínú: tó bá ti gba fáìlì ẹ tán, kì í gbé fóònù mọ́. Báńkì ní kí ọsibítù kọ lẹ́tà pé iṣẹ́ mi ń tẹ̀ síwájú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni email yẹn fi wà lọ́dọ̀ ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ẹni tó ń ta ilé sì ti ń halẹ̀ pé òun á tún gbé e sọ́jà. Lọ́yà tó júwe fún wa náà, búrókà ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ó wà nínú ìwé lóòótọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́yà ọ̀hún dáa, mi ò rojọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ló yẹ kó fi sọ ọ́. Ẹ wá wò ó, nígbà tí Bank of England dín rate èlé kù sí 4% ní August, òun fúnra ẹ̀ ló pè mí, lọ́jọ́ Sátidé, pé òun ti bá wa pààrọ̀ sí èyí tó fi nǹkan bíi £20 dín lóṣù. Irú èèyàn wo nìyẹn?

November la gba kọ́kọ́rọ́. Bolton ni, yàrá mẹ́ta, £820 àti díẹ̀ lóṣù, rate ò ní yí padà fún ọdún márùn-ún. Leasehold ni, ìyẹn ni pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, ọdún 999, a ó máa san £4 lọ́dún fún ẹni tó ni ilẹ̀. Ọkọ mi ní ọmọ onílẹ̀ wà níbí náà, àmọ́ tibí ò gbé àdá wá.

Tó bá jẹ́ físà ẹ ti gùn, tí dìpọ́síìtì ẹ tó 25%, tí statement ẹ mọ́ bí omi, má san £495 fún ẹnikẹ́ni, wá búrókà ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ bíi tiwa ni, wá ẹni tó mọ àjọ.

Ó ṣì ń pè mí nípa life insurance. Báyìí ló wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù.