Kámẹ́rà ńlá tó dojú kọlẹ̀: irin ara dẹ́kìn tàbí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?

Ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán àdìrẹ Ìbàdàndùn láti òkè, pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá tí fíìmù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4 ní ìbú àti ínṣì 5 ní gígùn, lè so kámẹ́rà náà mọ́ irin tí a kàn mọ́ dẹ́kìn, tàbí kí ó gbé e sórí apá irin tí ó yọ láti ara ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ti owó, wẹ́dà àdúgbò lè ṣe irin ti dẹ́kìn. Ìdúró tí ó lágbára tó sì máa ń gbówó lórí.

Ewu ni ó gba àlàyé jù. Apá tí ó yọ síwájú lè dojú gbogbo rẹ̀ dé, àfi bí a bá fi àpò iyanrìn wíwúwo kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún máa ń mì, èyí tí ó ń ba àwòrán jẹ́ nígbà tí iná bá lọ tí a sì ń lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, tí lẹ́ńsì yóò fi wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Irin ara dẹ́kìn kì í sábà mì, bí ẹnikẹ́ni kò bá máa rìn lókè. Síílìn pákó lásán kò sì lè gbé e rárá. Nínú méjèèjì, ìwúwo lẹ́ńsì lè fa iwájú kámẹ́rà sílẹ̀, nítorí náà ẹ tì í pa dáadáa, kí ẹ sì fi okùn ààbò kún un.

Dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, tí a fi ń wo àwòrán, yóò dojú kọ òkè: ẹ ó gun àkàbà, ẹ ó sì nílò àyè fún orí yín lábẹ́ dẹ́kìn.

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹ ayálégbé tí onílé kò ní jẹ́ kí ó lu dẹ́kìn. Irin yẹ ẹni tí ń ya aṣọ púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà.